Oúnjẹ Kítò fún Ọmọ Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Kò Rí Ṣúgà Lò: Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin fún Òbí Tó Fẹ́ Yàn

Àwọn àìsàn méjì kan wà, tí wọn kò wọ́pọ̀, tó jẹ́ pé oúnjẹ gan-an ni oògùn wọn. Èkínní ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Glut1 deficiency. Èkejì ni àìtó èròjà pyruvate dehydrogenase, tí wọ́n ń gé kúrú sí PDH. Nínú méjèèjì, ọpọlọ ọmọ kì í rí agbára tó láti inú ṣúgà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí a bá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá púpọ̀ jẹ, tí a sì dín sítáàṣì àti ṣúgà inú oúnjẹ rẹ̀ kù gidigidi, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò máa sọ ọ̀rá náà di kítóònù, ọpọlọ yóò sì máa fi kítóònù ṣiṣẹ́ dípò ṣúgà. Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn ilé ìwòsàn ń gbà ṣètò oúnjẹ yìí, tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ kítò, òbí tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ àìsàn ọmọ rẹ̀ fún a máa fẹ́ mú èyí tó rọrùn jù nínú wọn. Ní tèmi, ìrọ̀rùn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ìwọ̀n kítóònù tí ọpọlọ ọmọ nílò ní ọjọ́ orí tó wà ni kí a kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni kí a wá wo ohun tí ilé lè ṣe lójoojúmọ́ láìyẹsẹ̀.

Àìsàn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ní ọdún 1991 ni Darryl De Vivo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York kọ́kọ́ ṣàlàyé Glut1. Ọmọ méjì tí gìrì ń mú ni wọ́n yẹ̀ wò: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn pé, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn kéré jọjọ. Ohun tó fà á ni pé èròjà tó ń gbé ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọpọlọ kò tó, nítorí àléébù tó wà nínú jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní SLC2A1. Nígbà tí ọmọ bá ṣì wà lọ́wọ́ ni gìrì náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún lójijì kí orí rẹ̀ sì máa bá a yí. Bó bá ń dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má dúró dáadáa nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ sì lè pẹ́ kó tó yọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun kan tí ìyá sábà máa ń rí ṣáájú dókítà ni pé ara ọmọ náà kì í yá lówùúrọ̀ kó tó jẹun, a sì máa yá díẹ̀ bó bá ti jẹun tán. Ẹ kọ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú aago, kí ẹ mú un lọ bá dókítà, nítorí ó wúlò ju ìtàn gígùn lọ.

Ilé ìwòsàn tó bá ti lè fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn láti wá àrùn yírùnyírùn lè ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ọmọ yóò wà láìjẹun fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, wọn yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹkún àti ìpayà má baà gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ náà sókè, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fa omi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní Glut1, ṣúgà inú omi náà kì í tó 40 mg/dL, èyí tó jẹ́ 2.2 mmol/L. Àyẹ̀wò jíìnì ni yóò wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀ràn PDH yàtọ̀. Nínú tirẹ̀, ṣúgà wọ inú ọpọlọ, ṣùgbọ́n ara kò lè lò ó dé òpin: ó dúró sí ibì kan láàárín ọ̀nà, ó sì di àsíìdì láktíìkì tó ń kórajọ nínú ẹ̀jẹ̀. Jíìnì tó sábà máa ń ní àléébù ni PDHA1, tó wà lórí kúrómósóòmù X. Kítóònù kò nílò láti gba ojú ibi tó dí náà kọjá, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kan náà fi lè ran ọmọ Glut1 àti ọmọ PDH lọ́wọ́. Bákan náà, àwọn ọmọ PDH kan wà tí fítámì B1 tó pọ̀ gan-an ń ràn lọ́wọ́, dókítà sì sábà máa ń dán an wò pẹ̀lú oúnjẹ náà.

Ó yẹ kí òbí mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èrè méjèèjì kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọmọ Glut1 ni gìrì máa ń fi sílẹ̀ tàbí kí ó dín kù púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ti PDH, nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún ni ọpọlọ ti lè fara gbá, oúnjẹ kankan kò sì lè tún ohun tí kò mọ dáadáa láti inú oyún mọ. Ohun tó lè ṣe ni kí ó dín gìrì kù, kí ó sì fún ọmọ ní okun àti ìjí ojú sí i.

Àwọn ọmọ tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án

Mo fi èyí ṣáájú ìfiwéra fúnra rẹ̀ nítorí pé àṣìṣe níbí lè pa ọmọ. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ pyruvate carboxylase deficiency. Orúkọ rẹ̀ jọ ti PDH, òun náà sì máa ń gbé àsíìdì láktíìkì sókè, ṣùgbọ́n oúnjẹ kítò léwu fún un gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn tó ní porphyria, àìsàn kan tí àìjẹ sítáàṣì àti ṣúgà máa ń ru sókè, àti fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò lè sun ọ̀rá, bíi àwọn tí èròjà MCAD wọn kò tó, àwọn tí kò ní carnitine, àti àwọn tí èròjà CPT wọn ní àléébù. Ọ̀rá ni ara àwọn ọmọ ìkẹyìn yìí kò lè lò. Bí a bá gba ṣúgà lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a ti gba gbogbo ohun tó ní. Nítorí náà, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí fún ọmọ yín kí wọ́n tó yẹ acylcarnitine inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti organic acids inú ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n fi ń dín sísanra kù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń pe tirẹ̀ náà ní kítò, kò mọ ohunkóhun nípa èyí.

Ọ̀nà àtijọ́: mẹ́rin sí ọ̀kan, tàbí mẹ́ta sí ọ̀kan

Russell Wilder ti ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ló dá a lábàá ní ọdún 1921 fún àwọn tó ní wárápá. Ìtumọ̀ mẹ́rin sí ọ̀kan ni pé fún gíráàmù mẹ́rin ọ̀rá, gíráàmù kan péré ni púrótíìnì àti sítáàṣì pa pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, nínú kálórì 100 tí ọmọ bá jẹ, 90 ló ti inú ọ̀rá wá; bó bá jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, ó tó nǹkan bí 87.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́ta kan tó wọn kílò 14, tí onímọ̀ oúnjẹ sọ pé kálórì 1000 ló yẹ kó máa jẹ lójúmọ́. Ní mẹ́rin sí ọ̀kan, yóò jẹ ọ̀rá gíráàmù 100, púrótíìnì àti sítáàṣì pa pọ̀ yóò sì jẹ́ gíráàmù 25. Púrótíìnì tí yóò fi dàgbà yóò tó nǹkan bíi gíráàmù kan fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 14. Ó ku gíráàmù 11 fún sítáàṣì àti ṣúgà láti àárọ̀ di alẹ́. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 15 ti ju ìyẹn lọ. Bí a bá pín in sí oúnjẹ mẹ́ta, púrótíìnì oúnjẹ kan kò tó ti odidi ẹyin kan, ọ̀rá tó gbọ́dọ̀ bá a rìn sì lé ní gíráàmù 33. Nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún ọ̀rá ló wà nínú ẹyin kan, nítorí náà bọ́tà, ọ̀rá orí wàrà tàbí òróró ni yóò pèsè èyí tó kù, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan èyí tó lẹ̀ mọ́ àwo. Bí a bá sọ ọ́ di mẹ́ta sí ọ̀kan fún ọmọ kan náà, sítáàṣì rẹ̀ yóò di gíráàmù 18. Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, gíráàmù méje kò jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó rí ẹ̀fọ́ àti èso díẹ̀ jẹ àti ọmọ tí kò rí.

Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé òun ló ń mú kítóònù wá jù, tí kítóònù náà sì máa ń dúró síbi kan. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fẹ́ kí kítóònù inú ẹ̀jẹ̀ wà láàárín 2 sí 5 mmol/L, ọ̀nà àtijọ́ ló sì rọrùn jù láti fi dé ibẹ̀. Fún ìkókó, ó tún ní ìrọ̀rùn kan tí àwọn yòókù kò ní: oúnjẹ alágolo tí wọ́n ti pò tán wà, irú KetoCal, tí a lè fi ìgò fún un, àwọn ilé ìwòsàn kan sì ń jẹ́ kí ìyá fi ìwọ̀n ọmú díẹ̀ kún un. Ìnira rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Gbogbo nǹkan, títí kan ata àti àlùbọ́sà, ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n, ìyá àgbà tó bá sì fi bísíkíìtì kan ṣoore fún ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lè da iṣẹ́ ọjọ́ náà rú pátápátá.

Òróró MCT

Dókítà Peter Huttenlocher ló gbé èyí jáde ní ọdún 1971. MCT ni ìgékúrú medium-chain triglycerides, ìyẹn ọ̀rá tí okùn rẹ̀ kò gùn púpọ̀. Òróró tí ọ̀nà yìí ń lò, tó jẹ́ àkópọ̀ ọ̀rá C8 àti C10 (nọ́ńbà náà ni iye kábọ́ọ̀nù inú okùn ọ̀rá), máa ń gba inú ìfun lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀, kálórì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń mú kítóònù wá ju ti ọ̀rá lásán lọ. Nítorí èyí, a lè dín ọ̀rá kù, kí ọmọ sì rí púrótíìnì àti sítáàṣì jẹ sí i. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn Great Ormond Street ní London, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, fi í wé ọ̀nà àtijọ́ láàárín àwọn ọmọ tó ní wárápá tí oògùn kò ràn, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì nínú bí gìrì ṣe dín kù.

Ikùn ni ìṣòro rẹ̀. Inú rírun, inú kíkún àti ìgbẹ́ gbuuru wọ́pọ̀ bí a bá yára fi òróró náà kún oúnjẹ, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń pín in sí gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà. Ó tún gbówó lórí. Àwọn ará ilé a máa béèrè bóyá àdín tàbí òróró àgbọn kò lè dípò rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú àgbọn àti èkùrọ́ gan-an ni wọ́n ti ń yọ MCT. Kò lè dípò rẹ̀. Lauric acid, tó jẹ́ C12, ló pọ̀ jù nínú òróró méjèèjì, kì í sì í di kítóònù kíákíá bíi C8. A lè lo àdín bí ọ̀rá lásán nínú oúnjẹ, kí a má kàn pè é ní MCT.

Atkins tí a tún ṣe

Láti ọdún 2003 ni ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ti ń ròyìn ọ̀nà yìí, tí wọ́n mú láti inú oúnjẹ Atkins tí àwọn àgbà fi ń dín sísanra kù. Ohun kan ṣoṣo ni a ń kà nínú rẹ̀, ìyẹn sítáàṣì àti ṣúgà, tí kì í ju gíráàmù 10 sí 20 lọ lójúmọ́. Kò sí òṣùwọ̀n fún púrótíìnì, a sì ń rọ ọmọ láti jẹ ọ̀rá púpọ̀. Bí a bá ṣírò ohun tí ọmọ jẹ lọ́jọ́ kan, ó máa ń sún mọ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, nígbà mìíràn méjì sí ọ̀kan.

Ọ̀nà yìí ló bá ìkòkò ọbẹ̀ Yorùbá mu jù. Ẹ̀gúsí tí a ti bó, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, púrótíìnì rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ̀gúsí tí a sè pẹ̀lú epo pupa, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ẹja àti ẹran tó lọ́ràá, kí ọmọ fi ṣíbí jẹ ẹ́ láìsí òkèlè, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìlànà náà mu fúnra rẹ̀. Ilá, ẹyin díndín àti píà náà wà níbẹ̀. Ohun tó máa ń dun ọmọ ni òkèlè, pàápàá bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń gé iyán lójú rẹ̀, mo sì rò pé ó sàn kí gbogbo ilé máa fi ṣíbí jẹ ọbẹ̀ ní irú oúnjẹ kan lóòjọ́ ju kí a máa dá ọmọ náà jókòó sí kọ̀rọ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé kítóònù rẹ̀ kò ga tó ti ọ̀nà àtijọ́, ó sì ń lọ sókè sódò. Bí ọmọ bá jẹ ẹran púpọ̀ tí ọ̀rá sì kéré, kítóònù lè já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní ṣúgà.

Oúnjẹ tí kì í yára gbé ṣúgà sókè

Boston ni èyí ti wá, ní Massachusetts General Hospital, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2005. Gíráàmù 40 sí 60 sítáàṣì lójúmọ́ ló ń gbà, níwọ̀n bó bá ti jẹ́ irú èyí tí kì í yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ran àwọn ọmọ kan tó ní wárápá lọ́wọ́, àwọn tó ní àìsàn jíìnì tó ń jẹ́ Angelman pàápàá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kítóònù ló ń lépa, kítóònù sì ni ọmọ Glut1 àti ọmọ PDH ń wá. Èmi kò ní mú un fún wọn.

Ọjọ́ orí ló yẹ kó pín in

Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ Glut1 láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ àbá àjọṣe kan jáde: ọ̀nà àtijọ́, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ọ̀kan, fún ìkókó àti ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé, Atkins tí a tún ṣe fún ọmọ ilé ìwé àti ọ̀dọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ìdí náà sì hàn gbangba. Ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ń lo ju ìdajì agbára tí ara rẹ̀ ń ná nígbà tó bá sinmi, àwọn ọdún àkọ́kọ́ ayé ọmọ náà ló sì ń kọ́ ìrìn àti ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Atkins bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́jọ nítorí pé òṣùwọ̀n ń dẹ́rù bà á ń fi àkókò tí kò ní padà wá ṣòfò. Fún ìkókó, mẹ́ta sí ọ̀kan tó, nítorí ìdàgbàsókè rẹ̀ nílò púrótíìnì. Ní ti ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń ra nǹkan jẹ ní ilé ìwé, Atkins tó ń tẹ̀ lé lọ́jọ́ gbogbo sàn fún un ju mẹ́rin sí ọ̀kan tó ń rú ní ìkọ̀kọ̀ lọ. MCT ni màá rò fún ọmọ tó ti gbó díẹ̀, tí ìfun rẹ̀ le, tí ebi sítáàṣì ń pa jù, tí owó sì wà. Fún PDH, ọwọ́ kò gbọdọ̀ dẹ̀ lórí sítáàṣì, nítorí òun ló ń di àsíìdì. Ọ̀nà àtijọ́ ló yẹ kó wà ní iwájú.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, fítámì, kálísíọ́ọ̀mù àti èròjà sẹ̀lẹ́níọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kún un, nítorí oúnjẹ náà kò ní wọn tó. Ìgbẹ́ líle wọ́pọ̀ nínú ọ̀nà àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe wọ́pọ̀ nínú MCT. Òkúta lè wà nínú kíndìnrín, nítorí náà omi mímu kò gbọdọ̀ wọ́n, potassium citrate sì ń dín ewu náà kù. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lè gòkè, gíga ọmọ sì lè falẹ̀, pàápàá ní mẹ́rin sí ọ̀kan. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n máa ń yẹ gbogbo èyí wò. Tákàdá tí a ń ti bọ ìtọ̀ kò wọ́n, ó sì lè sọ pé kítóònù wà. Ẹ̀rọ tó ń ka ti ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ iye rẹ̀, fún àìsàn méjèèjì yìí sì ni mo rò pé owó rẹ̀ tọ́ sí níná.

Ohun tó lè ba iṣẹ́ oúnjẹ jẹ́

Phenobarbital, tó jẹ́ oògùn gìrì tó wọ́pọ̀ jù fún ìkókó ní Nàìjíríà nítorí pé kò wọ́n, wà lára ohun tó ń dí èròjà Glut1 lọ́wọ́ láti gbé ṣúgà wọlé. Valproate náà rí bẹ́ẹ̀. Òbí kò gbọdọ̀ dédé dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, nítorí gìrì tó máa tẹ̀ lé e lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kaféènì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí náà tíì, kóòkì àti obì kò sí fún ọmọ Glut1, ì báà jẹ́ obì ìkómọ tí àgbà fẹ́ tọ́ sí i lẹ́nu.

Oògùn olómi ọmọdé kún fún ṣúgà. Ẹ béèrè oníkóró, kí ẹ lọ̀ ọ́. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe léwu fún ọmọ èyíkéyìí, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Nàìjíríà sì ti ṣàlàyé tipẹ́ pé ó máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, a sì máa mú mímí ṣòro. Bí ibà tàbí èébì bá gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò nawọ́ mú ni dírípù oníṣúgà. Ó ń pa kítóònù, fún ọmọ PDH ó sì ń gbé àsíìdì sókè. Àyàfi bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá ti já wálẹ̀ jù, omi oníyọ̀ lásán ló yẹ. Lẹ́tà ojú ewé kan láti ọ̀dọ̀ dókítà ọmọ náà, tó sọ èyí, ló yẹ kó máa wà nínú báàgì ìyá nígbà gbogbo, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ olùkọ́.

Títí di ìgbà wo?

Ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ kítò nítorí wárápá lásán sábà máa ń fi í sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì bí gìrì bá ti lọ. Ẹ má fi ìyẹn wọn ti Glut1 àti PDH. Àléébù inú jíìnì kò lọ, àwọn onímọ̀ sì ń gbani níyànjú pé kí ọmọ Glut1 máa jẹ ẹ́ ó kéré tán títí ìgbà ọ̀dọ́langba yóò fi parí. Àwọn kan kò fi í sílẹ̀ rárá. Ohun tó ń yí padà ni bó ṣe le tó. Bí ọmọ bá ń sún mọ́ ilé ìwé, onímọ̀ oúnjẹ yóò sọ mẹ́rin di mẹ́ta, mẹ́ta di méjì àbọ̀, yóò máa ka kítóònù ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, bí gìrì tàbí ẹsẹ̀ tí kò dúró bá sì tún yọjú, yóò padà sí ìpele tó ṣáájú kó tó dé Atkins.